Kẹ̀kẹ́ Gígùn fún Ìgbádùn ní London: Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Létí Omi

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London ló gbà pé kẹ̀kẹ́ ológeere kì í ṣe ti àgbàlagbà. Lójú wọn, ọmọ ilé ìwé ló ni ín, tàbí àwọn òyìnbó tó ń wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ra, tí wọ́n ń sáré kọjá fìrì láàárọ̀. Àwọn tó sì wù láti gùn ún gan-an ń bẹ̀rù mọ́tò. Ẹ̀rù náà tọ́. Old Kent Road kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń kọ́ kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n London ní ọ̀nà mìíràn tí púpọ̀ nínú wa ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìmọ̀: etí odò Thames, etí àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, àti etí àwọn kánáàlì, ìyẹn àwọn odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn kí ọkọ̀ ojú omi lè máa kó ẹrù gba inú ìlú. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, mọ́tò kò sí níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò máa fọn fèrè mọ́ yín lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ojú títì.

Àwọn tó ń gbé ní apá Peckham, Camberwell, Deptford, Lewisham, Woolwich àti Thamesmead, níbi tí èrò wa pọ̀ sí, ni mo kọ èyí fún jù. Ẹ tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó, nítorí ìrìn kọ̀ọ̀kan gùn díẹ̀ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n gùn

Kò sí ìtìjú kankan nínú kí ẹni ogójì tàbí ọgọ́ta ọdún máà tíì mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Nílé, àwọn ọmọkùnrin ló sábà máa ń rí kẹ̀kẹ́ háyà gùn ládùúgbò. Ìdí iná ni wọ́n ń rán ọmọbìnrin lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìyá àti àǹtí wa kò fi gun ún rí, tí wọ́n sì gbà pé ó ti bọ́. Kò bọ́. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù lọ níhìn-ín.

Ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní London, Southwark àti Lewisham nínú wọn, máa ń pèsè olùkọ́ fún àgbàlagbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ sí ìkànnì ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ wá "cycle training". Ẹni tí kò gun ún rí àti ẹni tó ti gbàgbé ni wọ́n ń kọ́, olùkọ́ náà á sì fi sùúrù bá yín lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ dá a kọ́, ọ̀nà tó yá jù nìyí. Ẹ rẹ ìjókòó kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ yín méjèèjì á fi tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ tú pẹ́dàlì méjèèjì kúrò. Sípánà 15 milimítà ló ń tú u lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún ti òsì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bà á jẹ́: pẹ́dàlì ọ̀tún ń tú sí apá òsì bíi gbogbo nọ́ọ̀tì tí a mọ̀, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ni pẹ́dàlì òsì ń tú sí. Bí kò bá tú, ẹ má fi agbára fà á. Ẹ wò ó bóyá ibi tó ń le sí ni ẹ ń yí i sí.

Ẹ wá ibi tí koríko wà tí ilẹ̀ ti rọra dagẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ lọ bí ẹni ń rìn, kí ìgbésẹ̀ náà máa gùn sí i, títí ẹ ó fi lè gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè tí kẹ̀kẹ́ á máa yọ́ lọ fúnra rẹ̀. Iwájú ni kí ojú yín wà, kó má wà nílẹ̀. Ibi tí ojú bá ń wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ igi, igi yẹn ló máa kọlù. Nígbà tí ẹ bá ti lè yọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, ẹ dá pẹ́dàlì padà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé ìjókòó ga: bí ẹ bá fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹsẹ̀ yín nà tán. Ìjókòó tó rẹlẹ̀ jù ló ń fa ìrora orúnkún tí àwọn ènìyàn ń rò pé ọjọ́ orí ló fà á.

Búréèkì: lára kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tà ní Britain, ọwọ́ ọ̀tún ló ń di táyà iwájú mú, ọwọ́ òsì ló ń di ti ẹ̀yìn. Ẹ máa fún méjèèjì pọ̀, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fún ti ọ̀tún nìkan lójijì lè gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣubú síwájú.

Fún ẹni tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ nílé tẹ́lẹ̀, apá òsì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà níhìn-ín, kẹ̀kẹ́ náà sì ni. Nàìjíríà gan-an ń gba òsì títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, nítorí náà àwọn bàbá wa tó ń gun Raleigh tí wọ́n ṣe ní Nottingham lọ sóko kòkó àti ilé ìwé ṣáájú ìgbà yẹn kò ní ṣòro fún láti padà sí i. Àwa tí a dàgbà lẹ́yìn rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa rán ara wa létí, pàápàá bí a bá ń yà sí ọ̀nà mìíràn tí kò sí mọ́tò kankan níwájú tí a lè tẹ̀ lé.

2. Irú kẹ̀kẹ́ tó yẹ

Èyí tí wọ́n ń pè ní hybrid ló bá ọ̀nà etí omi mu. Ọwọ́ rẹ̀ nà gbọọrọ, ẹ ó jókòó nàró kí ẹ lè ríran jìnnà, táyà rẹ̀ sì fẹ̀ tó milimítà 35 sí 40, tó fi jẹ́ pé òkúta wẹ́wẹ́ kò ní máa gbọ̀n yín jìgìjìgì. Kẹ̀kẹ́ eré ìje kò wúlò fún yín báyìí. Kẹ̀kẹ́ orí òkè wúwo, táyà oníkọ́ńkọ́ rẹ̀ á sì máa fà yín sẹ́yìn lórí ilẹ̀ dídán. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ bèèrè èyí tí irin àárín rẹ̀ wálẹ̀, tí ẹ kò ní í gbé ẹsẹ̀ fò kọjá ẹ̀yìn kí ẹ tó gùn ún. Ọkùnrin tí orúnkún tàbí ìbàdí ń dùn náà lè rà á. Kò sẹ́ni tí yóò wo yín.

Ẹ má kánjú rà á. Santander Cycles, kẹ̀kẹ́ háyà tó bẹ̀rẹ̀ ní London lọ́dún 2010, wà káàkiri Isle of Dogs, Mile End, Victoria Park àti Olympic Park, èyí tó jẹ́ ojú ọ̀nà gan-an tí mo máa júwe nísàlẹ̀. Ó wúwo, ṣùgbọ́n ó dúró déédéé, ó sì ní iná tirẹ̀. Ẹ fi dán ara yín wò kí ẹ tó náwó.

Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ilé iṣẹ́ ńlá, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ní ètò Cycle to Work. Ilé iṣẹ́ á pèsè kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n á máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù yín kí wọ́n tó ṣírò owó orí, ibẹ̀ ni ẹ̀dínwó ti ń wá. Ètò náà wà fún ẹni tó máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́ jù, ṣùgbọ́n kò ní kí ẹ má fi ṣeré lópin ọ̀sẹ̀.

Àlòkù náà dára. Ẹ ṣáà dojú kẹ̀kẹ́ náà délẹ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin lábẹ́ ibi tí pẹ́dàlì ti pàdé, kí ẹ sì yẹ nọ́ńbà yẹn wò lórí BikeRegister, ibi ìforúkọsílẹ̀ tí àwọn ọlọ́pàá Britain ń lò. Bí wọ́n bá ti há nọ́ńbà náà kúrò, ẹ fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, bó ti wù kó dínwó tó. Ẹ forúkọ tiyín sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹ bá ti rà á tán. Lórí àgádágodo, ẹ má ṣahun: ẹ ra onírin líle tó rí bíi lẹ́tà D, kí ó gba inú irin kẹ̀kẹ́ àti táyà ẹ̀yìn kọjá, kí ó sì so mọ́ irin tó rì mọ́lẹ̀. Okùn wáyà lásán, irinṣẹ́ ìgé-wáyà kékeré ló máa gé e.

3. Orí, irun, aṣọ, iná

Òfin Britain kò fi dandan lé akoto fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Èmi ní kí ẹ dé e. Ìṣòro tiwa ni irun, ó sì jẹ́ ìṣòro tòótọ́ tí àwọn tó ń ta akoto kì í rántí. Ẹ má lọ wọn akoto lọ́jọ́ tí irun yín bá wà ní títú bí ẹ bá mọ̀ pé dídì ni ẹ sábà máa ń dì í. Ẹ lọ pẹ̀lú irun náà lórí. Ẹ wá èyí tó ní kókó kékeré lẹ́yìn tí a ń yí láti fẹ̀ ẹ́ tàbí fún un. Irun olókùn gígùn, ẹ kó o jọ sí ìsàlẹ̀ ìpàkọ́, ẹ má kó o jọ sórí, nítorí akoto tí irun gbé sókè kò lè dáàbò bo iwájú orí. Tó bá jókòó dáadáa, ìka méjì ni àyè tó wà láàárín rẹ̀ àti ìpéǹpéjú yín. Fìlà onírun tẹ́ẹ́rẹ́ lè wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà òtútù. Gèlè kò lè sí níbẹ̀.

Aṣọ kò nílò ìnáwó. Ṣòkòtò tí kò gbòòrò lẹ́nu àti bùbá tó gba afẹ́fẹ́ ti tó. Ìró, agbádá àti ṣòkòtò kẹ̀m̀bẹ̀ ni ṣéènì máa ń gbé mì, wọ́n sì lè gbé yín ṣubú. Ẹ di okùn bàtà yín mọ́ inú.

Láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ títí ó fi yọ, òfin béèrè iná funfun níwájú, iná pupa lẹ́yìn, àti ohun pupa tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́yìn, pẹ̀lú aláwọ̀ ọsàn lára pẹ́dàlì. Nínú oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nínú oṣù Kẹfà, ìmọ́lẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹsàn-án. Etí kánáàlì kò níná púpọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ kúrò níbẹ̀.

4. Kí ẹ tó jáde nílé

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló gbà. Ẹ tẹ táyà: wọ́n kọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ sára rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi fáǹpù fẹ́ ẹ dé ibẹ̀, nítorí táyà tó rọ̀ ló ń tètè jò, ó sì ń sọ ilẹ̀ títẹ́jú di òkè mọ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ fún búréèkì kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Kò gbọdọ̀ lọ. Ẹ yí pẹ́dàlì sẹ́yìn, kí ẹ gbọ́ bóyá ṣéènì ń ké. Tó bá ń ké, ẹ kán òróró kẹ̀kẹ́ sí i, kí ẹ sì nu èyí tó kù dànù. Òróró dídín dòdò kò ṣe é lò fún un, ńṣe ló ń di ẹrẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ẹ mú túùbù tuntun kan, igi ìtú-táyà méjì, fáǹpù kékeré, omi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà. Fóònù, inú àpò tó ní síìpù. Ẹ má dì í mọ́wọ́ láti wo máàpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà: àwọn tó ń já fóònù gbà ní London ń gun kẹ̀kẹ́ oníná, kí ẹ tó pariwo wọ́n ti lọ. Bí ẹ bá fẹ́ wo ọ̀nà, ẹ dúró, kí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri.

5. Ìrìn àkọ́kọ́: láti Peckham Library dé Burgess Park

Ẹ̀yìn ilé ìkàwé Peckham, ilé aláwọ̀ ewé tó gba ẹ̀bùn Stirling, ẹ̀bùn ńlá fún ilé kíkọ́ ní Britain, lọ́dún 2000, ni ọ̀nà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ ra iṣu àti ẹja ní Rye Lane, a kì í yẹjú wo ẹ̀yìn. Kánáàlì ni ibẹ̀ nígbà kan. Wọ́n gbẹ́ ẹ̀ka Peckham yìí lọ́dún 1826 láti ara Grand Surrey Canal, kí wọ́n lè máa fi gbé ẹrù wá láti ibùdókọ̀ ojú omi. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n dí i pa. Ohun tó kù ni ọ̀nà gbọọrọ tó tẹ́ bí ẹní, igi lọ́tùn-ún lósì, tó gba abẹ́ àwọn afárá àtijọ́ kọjá. Ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ló jọ ń lò ó, nítorí náà ẹ rọra.

Kò tó máìlì kan tí ẹ ó fi bọ́ sí Burgess Park. Nínú ọgbà ńlá yẹn, ẹ wá afárá kan tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1906, tó dúró lórí koríko, tí kò sómi lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Orí kánáàlì ló wà nígbà tí kánáàlì wà. Ẹ yí ọgbà náà po, kí ẹ fi kọ́ jíà yíyí: jíà tó fúyẹ́ kí ẹ tó dé òkè, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti dé àárín rẹ̀. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń bojú wẹ̀yìn láìyẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, àti bí a ṣe ń fi ọwọ́ kan wa kẹ̀kẹ́ kí èkejì fi ibi tí ẹ fẹ́ yà sí hàn. Ẹ padà gba ibi tí ẹ gbà wá. Ẹ tún un ṣe títí kò fi ní jọ yín lójú mọ́.

6. Ìrìn kejì: Waterlink Way

Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mo sì rò pé àwọn ará Lewisham àti Catford kò mọ ohun tí wọ́n ní. Ó tẹ̀ lé odò Ravensbourne àti odò Pool tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ ní Catford. Àmì rẹ̀ jẹ́ pátákó búlúù tí wọ́n ya kẹ̀kẹ́ funfun sí, pẹ̀lú nọ́ńbà 21 nínú àpótí pupa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ladywell Fields, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń fẹsẹ̀ wọ inú odò nígbà ooru, kí ẹ kọrí sí gúúsù gba Catford dé Lower Sydenham. Bíi máìlì 2 àbọ̀ ni àlọ. Odò Pool dákẹ́ débi pé ẹ lè gbàgbé pé ilé ìtajà ńlá wà lẹ́yìn igi níbẹ̀.

Ohun tó mú un dára fún ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Hayes tó ń bá a rìn ní gbogbo ọ̀nà: Ladywell, Catford Bridge, Lower Sydenham. Bó bá rẹ̀ yín, bí òjò bá dé, bí táyà bá jò, ibùdókọ̀ kò jìnnà. Apá Catford ni ẹ ó ti kọjá títì ńlá. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ kọjá níbi iná ẹlẹ́sẹ̀. Kò sí òfin tó ní kí ẹ gun ún ní gbogbo ìgbà.

7. Ìwà etí kánáàlì

Kí ẹ tó lọ sí ìrìn kẹta, ẹ gbọ́ èyí. Etí kánáàlì kì í ṣe ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà fa ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́ ni, ibòmíràn wà níbẹ̀ tí kò fẹ̀ ju apá méjì lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ ló ni iwájú. Ẹ lu agogo lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ bá ń bọ̀ lẹ́yìn ẹnìkan, kí ẹ dúró de kí ó yẹ̀, kí ẹ sì kí i bí ẹ bá ń kọjá. Ọ̀yàyà tiwa yìí wúlò níbẹ̀ gan-an: ẹni tí ẹ bá kí kì í bínú sí kẹ̀kẹ́.

Lábẹ́ afárá, ọ̀nà máa ń fún, ó máa ń ṣẹ́ kọ́rọ́, òrùlé rẹ̀ sì máa ń rẹlẹ̀. Ẹ lu agogo kí ẹ tó wọ ibẹ̀, ẹ tẹ orí ba, ẹ má yá níwájú ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀ láti òdìkejì, ẹ dúró kó kọjá. Ajá tí okùn gígùn wà lọ́rùn rẹ̀, ọmọdé, ẹni tó ń sáré tó fi nǹkan dí etí, gbogbo wọn lè yà lójijì. Ìgbà ìwọ́wé, láti oṣù Kẹwàá lọ, ewé tútù ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹ má fún búréèkì lórí rẹ̀.

8. Ìrìn kẹta: abẹ́ odò Thames, àti àyíká kánáàlì mẹ́rin

Láti Deptford tàbí South Bermondsey, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní C10 á gba àdúgbò jẹ́jẹ́ mú yín dé Greenwich. C4 náà ń lọ síbẹ̀ láti Tower Bridge. Ẹ wá ọkọ̀ ojú omi Cutty Sark. Ilé olórí róbótó tó wà nítòsí rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà abẹ́ odò. Ọdún 1902 ni wọ́n ṣí i, kí àwọn òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ ojú omi tó ń gbé ní gúúsù lè máa fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ ní Isle of Dogs. Ó gùn tó mítà 370, odò Thames gan-an ló sì ń ṣàn lórí yín bí ẹ ti ń rìn. Ẹ ti kẹ̀kẹ́ yín níbẹ̀, ẹ má gùn ún. Lífítì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ó máa ń bàjẹ́ nígbà míràn, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì ga, nítorí náà ẹni tí kò lè gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gun àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó kúrò nílé.

Lódì kejì, ẹ tẹ̀ lé pátákó búlúù tó ní nọ́ńbà 1 gba Isle of Dogs dé Limehouse Basin, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń sùn. Ibẹ̀ ni àyíká tí mo ń sọ ti bẹ̀rẹ̀, bíi máìlì 6 ni gbogbo rẹ̀, ẹ ó sì padà sí Limehouse láìbá mọ́tò pàdé ju fún ìgbà díẹ̀ lọ.

Ẹ gba etí Regent's Canal, tí wọ́n parí lọ́dún 1820, lọ sí àríwá. Ẹ ó rí àwọn ilẹ̀kùn ńlá onígi tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú omi sókè láti ìpele kan sí èkejì. Nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀nà máa ń gòkè ṣókí, ẹ yí jíà sílẹ̀ ṣáájú. Mile End Park wà lọ́tùn-ún, lẹ́yìn rẹ̀ ni Victoria Park, tó ti wà láti ọdún 1845. Ẹ sinmi níbẹ̀. Ẹ jẹ ohun tí ẹ gbé wá, ẹ mu omi, ẹ na ẹ̀yìn. Ẹni tó bá rẹ̀ lè ti ibẹ̀ padà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà ni Hertford Union ti yà sí ọ̀tún. Kánáàlì kékeré ni, bíi máìlì kan péré, ó sì gbé yín lọ sí Hackney Wick, níbi tí ó ti pàdé odò Lea. Pápá ìṣeré Olympics ọdún 2012 wà níwájú yín lódì kejì omi. Ẹ yà sí ọ̀tún, ẹ tẹ̀ lé odò náà lọ sí gúúsù, ẹ gba abẹ́ títì ńlá Bow, dé Three Mills, níbi tí wọ́n ti ń fi agbára omi òkun tó ń wọlé tó ń jáde lọ ọkà láyé àtijọ́. Ilé ọlọ tó wà níbẹ̀, ọdún 1776 ni wọ́n kọ́ ọ. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Limehouse Cut, kánáàlì tó pẹ́ jù ní London, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1770. Ó tọ́ gbọọrọ. Níbì kan, wọ́n la ọ̀nà tó léfòó lórí omi kalẹ̀ lábẹ́ títì ńlá, ẹ ó máa gbọ́ bó ṣe ń dún lábẹ́ táyà yín. Òpin rẹ̀ ni Limehouse Basin tí ẹ ti kúrò.

Fún ẹni tó ń gbé ní Tottenham tàbí Edmonton, ẹ má wá sí gúúsù rárá: ní Tottenham Hale, ẹ bọ́ sí etí odò Lea níbẹ̀, ẹ lọ sí gúúsù dé Hackney Marshes tàbí sí àríwá dé Waltham Abbey. Ọkọ̀ ojú irin ń bá a rìn níbẹ̀ náà.

9. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gba ojú títì

Kò sí bí ẹ kò ṣe ní í pàdé rẹ̀ láàárín ìrìn kan sí èkejì. Ẹ má gba orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Òfin lòdì sí i, àfi níbi tí àmì bá ti gbà yín láyè. Ẹ jìnnà tó mítà kan sí mọ́tò tó dúró, nítorí ẹni tó wà nínú rẹ̀ lè ṣí ilẹ̀kùn lójijì. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2022, ìwé òfin ojú ọ̀nà ti sọ fún awakọ̀ pé kó fi mítà 1.5, ó kéré tán, sílẹ̀ fún oníkẹ̀kẹ́ tó bá ń yá a níwájú, ó sì gba oníkẹ̀kẹ́ láyè láti wà láàárín ọ̀nà ní àdúgbò jẹ́jẹ́. Nítorí náà, ẹ má fún ara yín mọ́ gọ́tà. Kò sí ẹni tí ẹ ń dí lọ́wọ́. Ibi kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má sún mọ́ ni ẹ̀gbẹ́ òsì tírélà tàbí bọ́ọ̀sì tó fẹ́ yà sí òsì. Awakọ̀ rẹ̀ kò lè rí yín. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀.

10. Ìrìn gígùn: Greenwich dé Thamesmead

Tí ara yín bá ti gbà á, ẹ lọ sí ìlà-oòrùn. Pátákó nọ́ńbà 1 kan náà ló ń tọ́ni láti Cutty Sark, yí gbọ̀ngàn eré O2 po, kọjá ìdènà omi Thames tí òrùlé rẹ̀ ń dán bí fàdákà, dé Woolwich, dé Thamesmead. Ó lé ní máìlì 8. Odò náà fẹ̀ sí i bí ẹ ti ń lọ, atẹ́gùn sì máa ń le. Bó bá ń fẹ́ láti iwájú yín, ẹ lo jíà tó fúyẹ́, kí ẹ má bá a jà. Ní Woolwich, bí ẹ bá fẹ́ sọdá, ọkọ̀ ojú omi ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì lágbára, kó máa bá etí odò lọ dé Crossness, ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ṣí lọ́dún 1865 láti máa fa omi ẹ̀gbin London jáde, lẹ́yìn tí òórùn odò Thames ti fẹ́rẹ̀ lé àwọn aṣòfin kúrò nílé ìgbìmọ̀ lọ́dún 1858. Láti ibẹ̀, ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Ridgeway ń lọ sí Plumstead. Páìpù omi ẹ̀gbin ló wà lábẹ́ rẹ̀ gbọọrọ, ọ̀nà koríko ló wà lókè.

Bí ẹ bá fẹ́ padà sílé, ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line ń gbéra ní Abbey Wood, nítòsí Thamesmead. Kẹ̀kẹ́ tí kò ṣe é ká kò lè wọ̀ ọ́ láàárín 07:30 sí 09:30 àti 16:00 sí 19:00, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ní Sátidé àti Sọ́ńdè, kò sí ìdíwọ́ wákàtí yìí. Ẹ wọ ibi tí àyè wà jù nínú ọkọ̀ náà, ẹ dúró ti kẹ̀kẹ́ yín, kí ẹ di búréèkì rẹ̀ mú nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró.